Iṣan tó lágbára lẹ́yìn ogójì ọdún: ètò ọ̀sẹ̀ 12 pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún ló ti bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá tó ń fún iṣan lágbára, tí wọ́n sì jáwọ́ kí oṣù tó pé. Ọ̀nà méjì ló sábà máa ń gbà bàjẹ́. Àwọn kan á kì í mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, púṣọ̀ọ̀pù 50, ìlóṣòó 100. Nígbà tó bá di ọjọ́ kejì, àtẹ̀gùn sísọ̀ á di ogun, wọn ò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. Àwọn kejì kì í ṣe àṣejù rárá, àmọ́ ìgò omi kékeré tí wọ́n gbé ní oṣù Kìíní náà ni wọ́n ṣì ń gbé ní oṣù Kẹfà. Wọ́n ń làágùn, agbára wọn ò kúrò lójú kan, wọ́n á wá gbà pé àgbà ló dé. Kì í ṣe àgbà. Ẹrù ló pọ̀ jù lójijì fún àwọn ti àkọ́kọ́, ẹrù náà ni kò sì yí padà fún àwọn ìkejì.

Ètò tó wà nísàlẹ̀ yìí ò gba owó jíìmù. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan. Iye yẹn bá ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2020 mu: ó kéré tán, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ tó ń mú iṣan lágbára. Gbogbo rẹ̀ so mọ́ nǹkan méjì péré: kí ẹrù máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 méjì tó ní ọwọ́ ìdìmú, tí ìdérí rẹ̀ kì í jò. Tó bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ìdìmú rẹ̀ títí kò fi ní yọ̀ mọ́. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ máa nílò kẹ́ẹ̀gì lítà 10 méjì.
- Píọ̀ wọ́tà ọlọ́ràá 50cl, tí ẹ máa fi ṣe òṣùwọ̀n. Lítà omi kan jẹ́ kìlógíráàmù kan, torí náà ọ̀rá kan jẹ́ ìdajì kìló. Omi nìkan ni ìṣirò yìí bá mu; epo fúyẹ́ ju omi lọ, yanrìn sì wúwo jù ú lọ.
- Àga onígi tó dúró déédéé, tí ibi ìjókòó rẹ̀ ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 43 sílẹ̀.
- Ògiri tí kò sí nǹkan níwájú rẹ̀, àti àyè tí ẹ lè rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.
- Ìwé àti bírò. Ẹ má ṣe gbójú fo èyí.
- Fóònù tó lè ka ìṣẹ́jú àáyá.

Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù tàbí àpò ìrẹsì bẹ̀rẹ̀. Wọn ò ní ìdìmú, ẹ ò sì lè fi ìdajì kìló kún wọn. Kẹ́ẹ̀gì dára ju ọ̀pọ̀ irin olówó iyebíye lọ lójú tèmi torí pé omi ṣeé bù díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ tún ṣe pàtàkì: ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ tó di ẹsẹ̀ mú tàbí kí ẹ má wọ bàtà rárá. Sílípáàsì lórí táìsì ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣubú.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ rí dókítà ná

Ẹni tí àyà máa ń dùn tó bá ṣe iṣẹ́ agbára, ẹni tí òòyì ń kọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ, ẹni tó ní ìpá tí wọn ò tíì tọ́jú, aláboyún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, àti ẹni tí àtọ̀gbẹ ti kan ojú rẹ̀. Kì í ṣe pé ètò náà ti kọjá wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ṣe é tí dókítà bá ti sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é.

Fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru: tí ẹ̀rọ bá fi 180 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn lókè, tàbí 110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nísàlẹ̀, ẹ má gbé ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Ẹ lọ tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru náà kó kọ́kọ́ wálẹ̀.

Ẹni tó ń gún ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn tó lè já ṣúgà wálẹ̀, kó wọn ṣúgà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá kéré sí 90 mg/dL, ìyẹn 5 mmol/L, kó jẹ nǹkan díẹ̀ ná, kó sì tọ́jú ohun dídùn sítòsí.

Ìpele 1: Ẹ mọ ibi tí ẹ wà

Ọjọ́ ìwọ̀n ni ọjọ́ yìí, kì í ṣe ọjọ́ eré ìdárayá.

1. Ẹ gbé àga ti ògiri kó má bàa sún. Tó bá jẹ́ àga oníike, ẹ yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ló ti sán láìjẹ́ pé ojú tètè rí i.
2. Ẹ jókòó sáàárín àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ pátápátá. Ẹ ká ọwọ́ pọ̀ sí àyà.
3. Ẹ ṣètò fóònù sí ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ dìde tán, ẹ jókòó padà, ẹ máa kà á. Ìgbà tí ẹ bá dìde dúró gbọnrangandan nìkan ni kí ẹ kà.
4. Ẹ kọ iye náà àti déètì sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé yín. Ẹ fi ìfúnpá yín, ìyẹn nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ̀rọ fi hàn, ṣúgà òwúrọ̀ yín tí ẹ bá máa ń wọ̀n ọ́n, àti ìwọ̀n ìbàdí yín kún un.

Òṣùwọ̀n tí àwọn elétò ìlera ní Amẹ́ríkà ń lò fún àgbàlagbà nìyí: ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 60 sí 64 yẹ kó lè dìde tó ìgbà 14, obìnrin ìgbà 12. Láàárín ọdún 70 sí 74, ọkùnrin 12, obìnrin 10. Ẹni tí iye tiẹ̀ kéré sí èyí wà nínú ewu ìṣubú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì tó 60, tí ẹ kò sì lè dé iye àwọn ẹni 60 ọdún, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bà yín nínú jẹ́. Ẹ̀yin gan-an ni ètò yìí máa ṣe láǹfààní jù.

Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í: wọ́n máa ń fi ọwọ́ ti itan, tàbí kí wọ́n já ara wọn lulẹ̀ sórí àga dípò kí wọ́n rọra jókòó. Ìgbà tí ẹ bá fi ọwọ́ ṣe é ò sí nínú ìṣirò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ó yẹ kí iye kan wà nínú ìwé yín báyìí, kì í ṣe «mo gbìyànjú». Tí ẹ kò bá lè dìde rárá láìfọwọ́tì, ẹ kọ òdo, kí ẹ sì fi ìrọ̀rí gíga kan sórí àga fún Ìpele 2.

Ìpele 2: Ọ̀sẹ̀ 1 àti 2, láìsí ẹrù

Ẹ yan ọjọ́ méjì tí kò tẹ̀ lé ara wọn, bíi Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè. Ẹ kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú 5 rìn lójú kan, kí ẹ máa gbé orúnkún sókè, kí ẹ máa ju apá, títí ara á fi gbóná. Àfẹ̀mọ́júmọ́ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, kí oòrùn má bàa jà yín. Lóṣù Ramadan, ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn ìṣínu.

Ìgbésẹ̀ márùn-ún ló wà. Ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 8, ẹ sinmi bí ìṣẹ́jú kan sí méjì, ẹ tún un ṣe ní ìgbà 8. Ìyípo méjì nìyẹn. Ó tó.

*Jókòó-dìde.* Bí ẹ ṣe ṣe é nígbà ìdánwò, àmọ́ ẹ má sáré. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta bí ẹ ṣe ń jókòó. Ẹ jẹ́ kí orúnkún máa kọjú sí ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí. Tí orúnkún méjèèjì bá ń wọlé sára wọn, ẹ ya ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i.

*Títi ìdí sẹ́yìn.* Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, torí òun ló ń dáàbò bo ẹ̀yìn, òun náà sì ni wọ́n ń ṣì ṣe jù. Ẹ kẹ́yìn sí ògiri, kí àlàfo ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì wà láàárín gìgísẹ̀ yín àti ògiri. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan sí àyà, ẹ̀kejì sí ìsàlẹ̀ ikùn. Ẹ wá ti ìdí lọ sẹ́yìn títí tó fi máa kan ògiri, kí àyà máa lọ síwájú, kí àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ méjèèjì má sì dín kù. Tó bá ti kan ògiri, ẹ fi ìdí àti itan ti ara yín dìde. Ẹ máa rí i pé ẹ̀yìn itan ló ń fà, kì í ṣe ẹ̀yìn. Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ kọ́ nìyí: nídìí ìgbálẹ̀, ọpa ẹ̀yìn ló máa ń tẹ̀. Tí ẹ bá mọ èyí ṣe dáadáa, ẹ ti mọ bí ẹ ṣe máa gbé garawa omi, ọmọ, àti àpò gàrí nílẹ̀ láìpa ẹ̀yìn lára.

*Títi ògiri.* Ẹ dúró ní ìwọ̀n gígùn apá sí ògiri, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e ní ọ̀gangan àyà. Ẹ rọra tẹ ìgúnpá títí imú á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, ẹ wá ti ara yín padà. Kí ara tọ́ láti orí dé gìgísẹ̀.

*Fífa.* Ẹ fi ọwọ́ òsì di àga mú, ẹ ti ìdí sẹ́yìn bí ẹ ṣe kọ́ ọ lókè, kí ọwọ́ ọ̀tún máa rọ̀ sílẹ̀. Ẹ fa ìgúnpá sókè lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí bí ìgbà tí ẹ di nǹkan mú, ẹ rọra dá a padà. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ òsì.

*Gbígbé rìn.* Ní ọ̀sẹ̀ méjì yìí, ẹ kàn máa rìn ṣánṣán, kí èjìká wá sẹ́yìn, kí ojú wo iwájú, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, mẹ́wàá bọ̀.

Èémí ni ìkìlọ̀ tó ga jù ní ìpele yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sé èémí mọ́nú nígbà tí wọ́n bá ń lo agbára, ìfúnpá á sì fò sókè lójijì. Èyí léwu fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ẹ mí síta nígbà tí ẹ bá ń dìde, tí ẹ bá ń tì, tàbí tí ẹ bá ń fà. Ẹ mí sínú nígbà tí ẹ bá ń padà. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ ń ṣe é dáadáa ni pé kí ẹ máa kà á sókè ketekete. Ẹni tó ń ka «ẹẹ́ta, ẹẹ́rin» sókè kò lè sé èémí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Lópin ọ̀sẹ̀ kejì, ìdí yín kan ògiri nígbà mẹ́jọ láìjẹ́ pé ẹ̀yìn tẹ̀, ẹ sì ń kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ṣì ń kọsẹ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún un. Kò sẹ́ni tó ń lé yín.

Ìpele 3: Ọ̀sẹ̀ 3 àti 4, kẹ́ẹ̀gì wọlé

Ìyípo mẹ́ta ni báyìí, ìgbà 8 sí 12 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ ṣe máa mọ iye omi tí ẹ máa bù: ẹ bu lítà 3, ìyẹn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́fà, ẹ gbìyànjú ìgbésẹ̀ náà ní ìgbà mẹ́wàá. Tí ẹ bá parí rẹ̀ tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ ṣì lè ṣe méjì tàbí mẹ́ta sí i kí ó tó kọ̀, ó tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá lè ṣe mẹ́wàá mìíràn, ẹ bu omi kún un. Tí ẹ kò dé mẹ́jọ, ẹ bu omi kúrò.

1. Jókòó-dìde: ẹ gbá kẹ́ẹ̀gì mọ́ àyà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kẹ́ẹ̀gì tí kò kún máa ń mi omi, ó sì lè fa ara yín síwájú. Torí náà ẹ gbá a mọ́ra gan-an, ẹ má yára.
2. Títi ìdí sẹ́yìn: ẹ di kẹ́ẹ̀gì mú níwájú itan, kó máa rọra yọ̀ sára ẹsẹ̀ bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tó bá jìnnà sí ẹsẹ̀ ló máa ń fa ẹ̀yìn. Ẹ dúró tó bá kan ìsàlẹ̀ orúnkún.
3. Títi: ẹ kúrò lára ògiri, ẹ lọ sídìí tábìlì tó wúwo tàbí àgbékà ilé ìdáná tí kò lè sún. Bí ibi tí ẹ gbọ́wọ́ lé bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni yóò máa le sí i.
4. Fífa: kẹ́ẹ̀gì kan, ọwọ́ kan. Ẹ má fi ara jù ú sókè.
5. Gbígbé rìn: kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá 30. Iye omi inú wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Ara máa ro yín. Ìrora tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, tó wà nínú ẹran itan tàbí ẹ̀yìn apá, tó sì lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìrora iṣan tó ń kọ́ iṣẹ́ tuntun ni. Èyí tó gún yín lójijì, tó wà ní oríkèé, tàbí tó mú kí ibẹ̀ wú, ìpalára ni; ẹ fi ìgbésẹ̀ náà sílẹ̀. Tí ìtọ̀ yín bá wá dúdú bíi omi sóbò lẹ́yìn iṣẹ́ tó le, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí iṣan tó bàjẹ́ lè dí kíndìnrín lọ́wọ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ń ṣe tí ó ń ká mi lára: kí wọ́n gbé diclofenac tàbí ibuprofen mì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ara má bàa ro wọ́n. Oògùn yẹn ò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ tí ara ń fún yín, ó sì lè pa ikùn lára, kó gbé ìfúnpá sókè, kó sì da kíndìnrín láàmú, pàápàá lára ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ìwẹ̀ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ìrìn díẹ̀ máa ń mú ara yá dé ìwọ̀n tó yẹ.

Ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn, ẹ má rò pé èyí kì í ṣe tiyín. Fífún itan lágbára wà lára ìtọ́jú tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbani níyànjú fún làkúrègbé orúnkún, torí itan tó lágbára ń gba ẹrù kúrò lórí oríkèé. Orúnkún tó ń dún láìsí ìrora kò burú. Tó bá ń dùn yín bí ẹ ṣe ń jókòó, ẹ fi ìrọ̀rí gbé ìjókòó ga, kí ẹ sì máa yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìwé yín ní ọjọ́ mẹ́rin tí ẹ kọ ẹrù àti iye sílẹ̀. Ìrora iṣan ọ̀sẹ̀ kẹrin yẹ kó ti kéré sí ti ọ̀sẹ̀ kẹta gan-an.

Ìpele 4: Ọ̀sẹ̀ 5 sí 11, bí ẹrù ṣe máa pọ̀

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Òfin rẹ̀ kò gùn: tí ẹ bá ti ṣe 12 nínú ìyípo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra nínú ìwé yín, ẹ bu omi kún un. Lítà kan fún jókòó-dìde àti títi ìdí sẹ́yìn. Ìdajì lítà, ìyẹn ọ̀rá kan, fún fífa. Fún gbígbé rìn, ọ̀rá kan sínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹrù bá ti pọ̀, iye máa já wálẹ̀ sí 8 tàbí 9. Ẹ máa kọ́ ọ padà dé 12.

Bí ojú ewé kan ṣe máa rí nìyí:

Mọ́ńdè. Jókòó-dìde, lítà 5: 12, 11, 9.
Tọ́sìdeè. Jókòó-dìde, lítà 5: 12, 12, 11.
Mọ́ńdè. Jókòó-dìde, lítà 5: 12, 12, 12.
Tọ́sìdeè. Jókòó-dìde, lítà 5: 12, 12, 12. Lítà 6 lọ́jọ́ tó ń bọ̀.
Mọ́ńdè. Jókòó-dìde, lítà 6: 10, 9, 8.

Láìsí ìwé, ẹ máa gbàgbé bóyá 11 ni àbí 12, ẹ máa wá dúró síbi tí ẹ wà. Mo gbà pé ìwé yẹn ló ń ya àwọn tó máa rí àyípadà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò ní rí i.

Nígbà tí kẹ́ẹ̀gì lítà 5 bá kún, ẹ yí sí ti lítà 10, kí ẹ bu lítà 6 sínú rẹ̀. Nígbà tí ti lítà 10 náà bá kún, báàgì píọ̀ wọ́tà wà níta: ọ̀rá 20 nínú báàgì kan, kìló 10. Ẹ lè kó wọn sínú báàgì àgbékọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé lọ sílé ìwé, kí ẹ gbé e kọ́ iwájú, kí ẹ máa fi ọ̀rá kọ̀ọ̀kan kún un.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìpele yìí fi ń bàjẹ́. Àkọ́kọ́, ìwánwára: ẹni tó rí i pé ara ti yá á fi lítà 3 kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èjìká tàbí ẹ̀yìn á sì dá a dúró. Iṣan máa ń tètè lágbára, àmọ́ okùn tó so iṣan mọ́ eegun lọ́ra jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bu omi ní ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Ìkejì, dígí: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú agbára tó wọlé wá láti ọ̀dọ̀ iṣan ìmọ̀lára, ìyẹn àwọn okùn tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sára, tó ń kọ́ bó ṣe máa pe ẹran ara sí iṣẹ́. Ẹ ti ń gbé ohun tó wúwo sí i kí apá tó hàn rárá. Ẹni tó ń wo dígí á rò pé kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń wo ìwé á rí i. Ìkẹta, ìpadàbọ̀ lẹ́yìn ìsinmi. Tí ibà bá dá yín dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti dúró. Ẹ bu ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà kúrò, kí ẹ gòkè padà.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń bẹ̀rù pé apá yín máa taagun bíi ti ọkùnrin, ẹ fọkàn balẹ̀. Họ́mọ̀nù tó ń mú iṣan ọkùnrin tóbi kéré gan-an lára obìnrin. Ohun tí ẹ máa rí ni pé ẹ ó lè gbé ẹrù ọjà sínú kóróópe láìpe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ iṣẹ́ agbára náà, ẹ má yọ ara yín sílẹ̀: ẹrù kan náà tí ẹ ń gbé lọ́nà kan náà lójoojúmọ́ ti mọ́ ara lára, ó sì lè máa jẹ ẹ̀gbẹ́ kan jù ẹ̀gbẹ́ kejì lọ.

Àwọn tó sì rò pé ó ti pẹ́ jù, ìwádìí kan wà tí mi ò lè ṣe kí n má sọ. Lọ́dún 1990, nínú ìwé ìròyìn JAMA, Maria Fiatarone àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn àwọn arúgbó ẹni nǹkan bí 90 ọdún tó ń gbé ilé ìtọ́jú ní Boston. Wọ́n gbé ẹrù tó wúwo fún wọn, wọ́n sì ń fi kún un, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Agbára ẹsẹ̀ wọn fi ìdá 174 nínú 100 lé sí i ní ìpíndọ́gba, ìyẹn ni pé ó kọjá ìlọ́po méjì àbọ̀ ti tẹ́lẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó kéré tán ìgbésẹ̀ mẹ́ta ti gba omi sí i lẹ́ẹ̀mejì. Tí ọ̀kan bá dúró lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ wo oúnjẹ àti oorun yín kí ẹ tó dá ara yín lẹ́bi.

Ìpele 5: Oúnjẹ àti oorun, láti ọ̀sẹ̀ kìíní

Àwo ọ̀pọ̀ nínú wa kún fún àmàlà, ẹ̀bà àti ìrẹsì, ẹran kékeré kan á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún iyì. Iṣan ò lè fi ìyẹn kọ́ ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa àgbàlagbà dámọ̀ràn gíráàmù 1 sí 1.2 purotéènì fún kìló ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Fún ẹni kìló 70, ìyẹn jẹ́ gíráàmù 70 sí 84. Ẹyin kan ní nǹkan bíi 6. Ẹja sísè tó tó gíráàmù 100, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ní bíi 20. Ìkúnwọ́ ẹ̀pà kan ní bíi 7. Ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi 14.

Òwúrọ̀ ni àlàfo máa ń wà jù. Ògì lásán kò ní nǹkan kan fún iṣan. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín tàbí ẹyin méjì tì í. Ẹ pín purotéènì sí oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dípò kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí alẹ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ní àìsàn kò gbọ́dọ̀ fi purotéènì kún oúnjẹ rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Kò sí ìdí fún oògùn agbára, paraga, tàbí ohun mímu inú agolo tó ń mú ọkàn sáré. Omi tó, oorun wákàtí méje, ìsinmi wákàtí 48 láàárín ọjọ́ méjèèjì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ jẹ lọ́jọ́ kan sílẹ̀. Tí oúnjẹ kan bá wà tí kò ní ẹyin, ẹja, ẹran, wàrà, ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà nínú, òun ni kí ẹ tún ṣe.

Ìpele 6: Ọ̀sẹ̀ 12, ẹ tún un wọ̀n

Ẹ gbé àga kan náà, aago kan náà, àkókò kan náà. Ẹ ṣe ìdánwò ìṣẹ́jú àáyá 30 náà, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ wọn ìfúnpá, ṣúgà àti ìbàdí.

*Ìfúnpá.* Ìwádìí kan tó kó àyẹ̀wò 270 pọ̀, tó jáde nínú British Journal of Sports Medicine lọ́dún 2023, rí i pé gbígbé ẹrù báyìí ń já nọ́ńbà òkè wálẹ̀ ní nǹkan bíi 4.5 ní ìpíndọ́gba, ti ìsàlẹ̀ ní bíi 3. Torí náà ẹ má retí pé 160 á di 120. Ẹ wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn ìjókòó ìṣẹ́jú 5, kí ẹ mú ìpíndọ́gba rẹ̀. Ẹ má wọ̀n ọ́n lẹ́yìn eré ìdárayá.

*Ṣúgà.* Iṣan ló ń gba ìpín tó pọ̀ jù nínú ṣúgà tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń ṣí ọ̀nà fún ṣúgà kódà tí ínsúlínì ò bá pọ̀, ara á sì máa gbọ́ ti ínsúlínì dáadáa sí i fún bí ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kò fi tó. Àyẹ̀wò HbA1c, tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta hàn, bá ọ̀sẹ̀ 12 mu wẹ́kú.

*Eegun.* Èyí kò ní hàn ní ọ̀sẹ̀ 12. Ní Ọsirélíà, àwọn obìnrin 101 tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, tí eegun wọn sì ti ń fúyẹ́, kópa nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018. Àwọn tó gbé ẹrù wíwúwo lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, pẹ̀lú olùkọ́ tó dúró tì wọ́n, fi nǹkan bíi 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìwọ̀n eegun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn. Ti àwọn yòókù dín kù. Eegun ń fẹ́ sùúrù, ó sì ń fẹ́ ẹrù tó wúwo ní tòótọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ọ̀pọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé ètò yìí á fi ìgbà méjì sí márùn-ún kún ìdánwò àga. Tí ẹ kò bá fi ẹyọ kan kún un, ẹ padà sí ojú ewé ọ̀sẹ̀ 5 sí 11. Tí iye omi tó wà níbẹ̀ kò bá yí padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ Ìpele 4 lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá ń pọ̀ tí agbára ò sì wọlé, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, torí àìtó ẹ̀jẹ̀, ṣúgà tí kò gbọ́ràn, tàbí àìsàn mìíràn lè wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ mú ìwé náà lọ bá dókítà tó ń fún yín ní oògùn ìfúnpá tàbí ti ṣúgà. Tí nọ́ńbà bá ti wálẹ̀, tàbí tí ṣúgà bá ń já jù lẹ́yìn eré ìdárayá, òun ló máa pinnu bóyá kí oògùn dín kù. Títí dìgbà náà, ẹ máa lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún yín, kí ẹ sì bu lítà tó ń bọ̀ ní Mọ́ńdè.